Bàbá Wa, Ẹ Pẹ́ Kí Ẹ Tó Fi Tábà Sílẹ̀

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ, Bàbá wa, Moses Ọlọ́runtọ́ba, ọmọ Ìsẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó ọ̀nà Ọ̀rùn. Ọdún mẹ́ta! Bí a bá ní a kò bínú sí yín mọ́, irọ́ ni a pa. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, ẹ kò ní gbà á gbọ́.

Bánjọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n kọ ìrántí yìí, torí pé èmi ni mo máa ń jókòó tì yín, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi ní ìwé nílé. Ó ní kí n kọ ọ́ dáadáa, kí n má kọ ohun tí yóò dójú tì wá. Mo bi í pé bí mo bá yọ tábà kúrò níbẹ̀, kí ló kù tí n ó kọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé fún yín. Ilé tí ẹ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ti parí! Bánjọ ti kan páànù sí i, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sórí rẹ̀, Ìyá wa Abigail bọ́ sí ìta nínú òjò, ó ń wòkè, ó ní, "Ó mà ń pariwo o! Bàbá Bánjọ ì bá ti máa ṣàròyé pé òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara òun." Dọ̀tun, ọmọbìnrin yín tó kéré jù, ti wà ní kíláàsì kẹrin. Ó ń kọ̀wé tó gún ju tèmi lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kò gbádùn lẹ́nu rẹ̀. Kòkó yín ń so. A kò jẹ́ kí igbó bò ó. Èyí tó wà létí odò, tí ẹ ní kò ní yè, òun gan-an ló ń so jù.

Gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi ojú ara yín rí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni yín nígbà tí ẹ lọ, Bàbá wa. Mẹ́tàléláàádọ́ta! Ìyá tó bí yín ń dá omi pọn láti odò nígbà náà, ó sì ń pọn ọ́n títí di òní.

Ó tó ọdún mẹ́wàá kí ẹ tó lọ tí ikọ́ yẹn ti wọlé. Àárọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ ń mú yín. Ó yá, ó di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ó tún yá, àyà yín bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bí ẹni pé ẹyẹ há sí yín lọ́fun. Ẹ kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó lẹ ń sùn, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, pẹ̀lú ìrọ̀rí tí Ìyá wa ki òwú sí.

Kí la sì ń gbọ́ lẹ́nu yín? Ẹ ní òtútù oko ni. Ní ọdún kejì, ẹ ní eruku kòkó ni. Ẹ tún ní ikọ́ ìdílé ni, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nínú ìdílé náà àfi ẹ̀yin! Èyí tó bí mi nínú jù ni èyí tí ẹ fi ń ní tábà ló ń bá yín já kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láàárọ̀, pé bí kò bá sí tábà ni, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ì bá ti pa yín. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n! Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè wá parí ìjà ilẹ̀ ní gbogbo àdúgbò!

Ní ọdún karùn-ún ikọ́ náà, Bánjọ fi kẹ̀kẹ́ gbé yín dé ẹ̀bá títì, ẹ wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni mo tẹ̀lé yín. Dókítà fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà gbọ́ yín níwájú, ó gbọ́ yín lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa, ọmọ Èmùré ni, ó sọ ọ́ yé wa yékéyéké. Ó ní kì í ṣe ikọ́ ife. Ó ní èéfín ló ti ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́, pé èyí tó ti bàjẹ́ kò ní bọ̀ sípò mọ́, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Ó wá ní bí ẹ bá fi tábà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó kù kò ní tètè bàjẹ́, ẹ ó sì máa rí i lò fún ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ni dókítà sọ. Ẹ mú ọ̀kan délé, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ nínú lọ́rì! Bí Ìyá wa ṣe béèrè pé kí ni wọ́n wí, ẹ ní, "Wọ́n ní kò ní san." Ó parí. Ẹ na ìkòkò tábà sí mi pé kí n lọ bá yín mú uná wá. "Bí kò bá ní san, kí ni mo tún fẹ́ máa fi ìyà jẹ ara mi sí?"

Mo sì lọ mú un wá. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Nílẹ̀ wa, ta ni í fi iná du àgbà? Bí àgbà bá na ìkòkò rẹ̀ sí ọmọ tó wà nídìí ààrò, ọmọ náà yóò mú ẹ̀yinná, yóò kúnlẹ̀, yóò fi sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì fi mú wa dáadáa! Nígbà tí Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi pa iná tó bá ti sebẹ̀ tán, ẹ ń lọ sí ojúlé kejì. Nígbà tó lọ bẹ àwọn ará ojúlé kejì, ẹ gbé àpótí yín sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ ń dá àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró. Ta ni yóò rí àgbàlagbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò ní fún un ní ohun tó béèrè? Wọ́n ń ṣe yín lóore, Bàbá wa. Gbogbo Ìsẹ̀ ló ń ṣe yín lóore títí ẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ẹ wá wo ti Ìkórè. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, orí mi á gbóná.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Katikíìsì fi wàásù pé kí olúkúlùkù mú ohun tó ṣọ̀wọ́n fún un jù wá fún Olúwa. Nígbà tó kan yín, ẹ dìde, ẹ gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró mí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó débẹ̀, ẹ sì gbé ìkòkò tábà yín sórí tábìlì, láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìjọ hó yèè! Ìyá wa sunkún ayọ̀ títí gèlè fi tú lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe Ìkórè ní ìlú wa. Ohunkóhun tó bá ti dé orí tábìlì yẹn, bí ìsìn bá parí, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo. Adìyẹ ni o, iṣu ni o, wọ́n á tà á. Kò sẹ́ni tó ronú láti yọ ìkòkò náà sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fọ́ ọ. Katikíìsì fúnra rẹ̀ ló nà án sókè lẹ́yìn àkùkọ pupa kan, tó ní, "Ìkòkò Bàbá Bánjọ rèé o, ta ni yóò gbà á fún iṣẹ́ Olúwa?" Bàbá Bámigbóyè, ọ̀rẹ́ yín láti kékeré, tí oko yín jọ pààlà, ló dìde. Ó ní, "Ohun ọ̀rẹ́ mi kò ní dọwọ́ àjèjì." Ó rà á. A tún lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí Bámigbóyè.

Ẹ lọ kí i lónìí, ẹ lọ kí i lọ́la. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti wọlé, ẹ ti mú ọ̀pá. Ẹsẹ̀ tí kò lè gbé yín dé ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta, òun ló ń gbé yín gun òkè lọ sílé Bámigbóyè! Ìyá wa ní ìkíni yìí ti pọ̀ jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó tẹ̀lé yín, ó mú mi dání. Ẹ̀yìn ilé la ti bá yín, lórí àpótí, ìkòkò ìjọsí wà lẹ́nu yín, ọ̀rẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ níwájú yín, ó ń fi iná sí i.

Ìyá wa kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Bánjọ, ṣé ìkòkò ló ń ṣàìsàn ni, tí ẹ fi ń wá bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́?"

Bámigbóyè bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ kò jẹ́. Ẹ wúkọ́ títí ojú yín fi pọ́n, títí ẹ fi di ògiri mú, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu gbogbo wa. Bí èémí ṣe padà, ohun tó jáde lẹ́nu yín ni pé, "Èmi kọ́ ni mo ni ín mọ́. Bámigbóyè ló ni ín. Mo kàn ń bá a mu ún ni."

Áà, Bàbá wa! Irú èsì wo nìyẹn?

Nígbà tí àṣírí ti tú, ẹ kúkú ra ìkòkò tuntun, ẹ kò sì fi pamọ́ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ti rẹ Ìyá wa. Gbogbo wa ló ti rẹ̀. Ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń gbé yín sáré lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n á ní, "Ṣé ó ti fi tábà sílẹ̀?" tí a ó máa wolẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1954, èmi àti Ìyá àgbà tó bí yín nìkan ló bá yín níbẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n Bánjọ ti ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọyẹ́ ń mú. Àwọn yòókù ti lọ sóko. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò pẹ̀lú ìkòkò yín. Ẹ kò pè mí. Ẹ̀yinná kan ló kù lábẹ́ eérú. Ẹ fẹ́ ẹ, kò tàn. Ẹ sinmi, ẹ tún fẹ́ ẹ. Eérú orí rẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan! Èémí yín kò lè gbé eérú. Ìgbà náà ni Ìyá àgbà ti odò dé, ó sọ omi kalẹ̀, ó wò yín títí. Ó ní, "Yẹra, Moses." Ó bẹ̀rẹ̀, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fùù, iná sọ.

Ó fi ewé mú ẹ̀yinná náà, ó nà án sí yín. Ó ní, "Uná rẹ rèé. Gbà. Èmi tí mo bí ọ náà ni n ó sin ọ́, mo ti gbà bẹ́ẹ̀."

Ẹ kò gbà á. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nínú eérú. Ìyá àgbà sọ ẹ̀yinná padà sínú ààrò, ó gbé omi rẹ̀, ó wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi tábà sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó rọrùn o! Ẹ bú gbogbo wa. Ọbẹ̀ kò níyọ̀; ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ bú ewúrẹ́. Ẹ bú Katikíìsì nígbà tó wá gbàdúrà fún yín, ẹ ní òun ló ta ìkòkò yín fún Bámigbóyè. Orógbó lẹ ń rún lẹ́nu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá wa gbé ààrò kúrò lẹ́yìnkùlé lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, kí èéfín igi má baà máa bá yín nínú ilé, ó sì ń ti ibẹ̀ ru ọbẹ̀ wá nínú òjò.

Ọjà wa tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún lẹ fi ń ka ọjọ́. "Ọjà kìíní rèé tí n kò fẹnu kàn án." "Ọjà kejì rèé." Ní ọjà kẹrin, ẹ mú ọ̀pá, ẹ lọ sí ilé Bámigbóyè. Gbogbo wa mọ ohun tó gbé yín lọ. Ẹ padà dé, ẹ lọ bá Ìyá wa lẹ́yìnkùlé, ẹ ní, "Mo ti ṣubú." Ìyá wa kò gbójú sókè nínú ẹ̀gẹ́ tó ń bó. Ó ní, "Ẹni tó ṣubú, ṣé ilẹ̀ ló máa ń sùn sí? Ẹ dìde, ẹ ka ọjà kìíní." Ẹ sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kò ṣubú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún yẹn ṣe rí, kí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yìí lè mọ̀ ọ́n. Súfèé àyà yín kò tán, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀. Odindi ìgbà òjò, a kò gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rìn lọ sí oko ọ̀nà Ọ̀rùn, ẹ sinmi lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ jókòó ti òkìtì kòkó, ẹ bá wa fọ́ ọ. Ẹ sì dùbúlẹ̀ sùn! Mo rántí àárọ̀ tí Ìyá wa jáde láti inú yàrá, tó fi ìka lé ètè, tó ń juwọ́ sí wa pé kí a wá. A rọra yọjú. Ẹ nà gbalaja lórí ẹní, láìsí ìrọ̀rí, ẹ ń hanrun. Gbogbo ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wo ọkùnrin tó ń hanrun bí ẹni ń wo ọba!

Nígbà tí iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Jánúárì ọdún 1955, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú Dọ̀tun lọ. Ó ń sunkún, ẹ ń fà á. Ẹ̀yin lẹ ń fa èèyàn!

Oṣù mẹ́tàlá. Oṣù mẹ́tàlá ni ẹ fi mí fún wa. Lẹ́yìn náà ni òtútù ọyẹ́ Fẹ́búárì wọ̀ yín láyà, ọjọ́ mẹ́rin péré, ó parí. Dókítà ní èyí tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró yín ti kéré jù láti gbé àìsàn tuntun. Ó ní ká ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ ti fi tábà sílẹ̀ ni! Ọdún mẹ́rin ló wà láàárín, Bàbá wa. Ọdún mẹ́rin lẹ fi ń bẹ ìkòkò wò!

A kò tíì kúrò nídìí sàréè yín tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Tábà tó fi sílẹ̀ ló pa á. Ohun tó ti mọ́ ara lára, bí èèyàn bá já a gbà, ara á bínú." Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Bámigbóyè! Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tó ń mu tábà ní àdúgbò wa ti sọ orúkọ yín di àwíjàre. Bí ìyàwó bá sọ̀rọ̀, orúkọ yín ni wọ́n á fi dáhùn. Bí ọmọ bá bẹ̀bẹ̀, orúkọ yín ni. Bámigbóyè náà ti ń wúkọ́ báyìí, ìjókòó lòun náà ń sùn, ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún Ìyá wa. Síbẹ̀, ibi tó bá jókòó sí, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ọlọ́runtọ́ba fi sílẹ̀, ó kú. Èmi ò fi sílẹ̀, mo wà. Nínú àwa méjèèjì, ta ló gbọ́n?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí wọnú eegun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó wá béèrè ètò ìrántí yín. Ó ní láti jókòó kí ó tó lè kí wa. Bí èémí rẹ̀ ṣe balẹ̀ díẹ̀, ó tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà fún Ìyá wa, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Omi ni mo gbé wá fún un. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Báwo lẹ ṣe sùn mọ́jú òní? Ìdùbúlẹ̀ ni, àbí ìjókòó?"

Ó wò mí. Ìyá wa wò mí.

Mo ní, "Ìdùbúlẹ̀ ni Bàbá wa sùn. Oṣù mẹ́tàlá." Mo sá wọlé.

Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ àyà rẹ̀ tó ń súfèé. Nígbà tó yá, ó rọra ní, "Ìyá Bánjọ, lóòótọ́ ni pé ó dùbúlẹ̀?" Ìyá wa ní, "Ó dùbúlẹ̀. Ó tún hanrun, kò jẹ́ kí n sùn." Ó mu omi rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. A kò tíì gbọ́ pé ó fi tábà sílẹ̀ o, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá wa, ká ní ẹ kò fi í sílẹ̀ rárá ni, à bá ti gba kámú. À bá ní bí Ọlọ́run ṣe dá yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi hàn wá pé ẹ lè ṣe é! Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ilé ṣe ń rí bí ẹ bá ń mí, a sì mọ̀ ọ́n, ó dùn mọ́ wa, ẹ wá lọ. Òun ni a kò tíì lè dárí rẹ̀ jì yín.

Ìyá wa ṣì ń bu oúnjẹ yín sí àwo lọ́jọ́ mìíràn, á wá dá a padà sí ìkòkò, á ní Bàbá Bánjọ yìí ti yọ òun lẹ́nu tó. Bánjọ ń bú yín nídìí kòkó. Èmi náà ń bú yín níbí, pẹ̀lú yíǹkì. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ta ló lè fi odindi ọdún mẹ́ta bínú sí ẹni tí kò fẹ́ràn?

Ọmọ yín, Ọmọ́tóyọ̀sí, ló kọ ọ́ fún gbogbo ilé.
Ìsẹ̀, oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1958.